Bí Wọ́n Ṣe Bọ́ Awọ Ẹtu Kúrò Nínú Ọkọ̀ Mànàmáná

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Agẹmọ, Ọba Ayípadà ti Ìlú Mànàmáná pàṣẹ pé kí wọ́n bọ́ gbogbo awọ ẹtu kúrò nínú ọkọ̀ tí ìlú rẹ̀ ń ṣe. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Akéde jáde ní kùtùkùtù, ó lu agogo, ó ní láti òní lọ, awọ tí ẹran kankan kò gbé wọ̀ rí ni wọn yóò máa fi ṣe inú ọkọ̀. Ọdẹ́dìran ọdẹ wà lẹ́yìn ààfin níbi tí ó ti ń sá awọ sóòrùn. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín yóò rí ẹ̀rín rín nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kí ó má rò pé ìtàn ẹ̀rín ni. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ọwọ́ òsì di ìwo ẹfọ̀n mú nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún mi ń wá ìbọn, ẹfọ̀n náà ló sì kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá dé ibì kan nínú ìtàn Ọdẹ́dìran, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ẹ bá mi dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe ọkùnrin tí ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ìlú Mànàmáná wà ní ìsàlẹ̀ Òkè Àrá. Iwin ló tẹ̀ ẹ́ dó, iwin ló sì ń jọba níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í mu epo, kì í tú èéfín, kì í pariwo. Mànàmáná ni wọ́n máa ń mú láàyè lórí òkè, wọn a sì dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni de ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ọkọ̀ náà lè gba ẹ̀yìn rẹ kọjá kí o rò pé atẹ́gùn ni. Àwọn ìlú ènìyàn tí ó yí igbó iwin ká ló ń rà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wọn fẹ́ràn rẹ̀ ju mànàmáná lọ ni inú rẹ̀: pákó ìrókò dídán níwájú, idẹ ní ibi ìdìmú, àti ìjókòó tí wọ́n fi awọ ẹtu bò. Ìbídùnní, ìyàwó Ọdẹ́dìran, ló ń ṣe awọ náà, òun ló sì ń rán an.

Ọdún tí ẹkùn ya itan Ọdẹ́dìran ni ebi wọ ilé wọn. Wọ́n jẹ èèpo iṣu tí ẹlòmíràn dà nù, wọ́n jẹ ewé tí ewúrẹ́ kọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìbídùnní se awọ tí wọ́n ń sùn lé lórí, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ìránṣẹ́ iwin dé, ó ní àwọn ń wá ẹni tí ó mọ awọ ṣe. Ìbídùnní bá a lọ kí ọkọ rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ilẹ̀ iwin ní òfin tirẹ̀: ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan iṣẹ́ wọn, inú iṣẹ́ náà ni èémí rẹ̀ yóò máa gbé. Bí iṣẹ́ náà bá wà, ó wà. Bí iṣẹ́ náà bá parẹ́, òun náà parẹ́. Nígbà tí itan Ọdẹ́dìran san, ó tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, ó di ẹni tí ń pa ẹtu fún un, wọ́n sì ń gbé lẹ́yìn ààfin, ayé wọn kò burú.

Nítorí náà, nígbà tí ó gbọ́ ohùn akéde, ó sáré wọ ilé. Ìbídùnní jókòó láàárín awọ, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìbídùn, ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́. Etí mi kò tíì parẹ́.”

“Má fi ṣe àwàdà.”

“Kí n wá fi ṣe kí ni, ọkọ mi? Bí mo bá sunkún, omi yóò kán sí awọ yìí, yóò sì le. Lọ bá ọba sọ̀rọ̀. Kí o rọra sọ ọ́ o, o mọ̀ pé ẹnu ọdẹ rẹ yẹn dà bí ìbọn tí kò ní ìfà, tí ń yìn nígbà tó bá wù ú.”

Ọba Ayípadà kì í tẹ ilẹ̀. Orí atẹ́gùn ló máa ń dúró sí, díẹ̀ sókè ìtẹ́ rẹ̀, kò sì fi ìdí kan ìjókòó rí láti ìgbà tí ó ti dáyé. Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀.

“Kábíyèsí, kí ni awọ ẹtu ṣe yín?”

“Ó wúwo,” ni ọba wí. “Mànàmáná ń rù ú, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Awọ tuntun fúyẹ́. Omi kò lè bà á jẹ́, kòkòrò kò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọdẹ náà ẹ ti pa ẹtu tó.”

“Òótọ́ lẹ sọ, Kábíyèsí. Àwọn tí ń jókòó nínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ti bi wọ́n?”

Kò sí ẹni tí ó ti bi wọ́n, kò sì wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kí a bi wọ́n. Ẹ má pè é ní ìkà. Iwin ni, kì í ṣe ìkà, ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì. Ó ronú títí, ó ní: “N ó bi wọ́n. Gba ọkọ̀ tuntun kan. Gbé e lọ sí ìlú mẹ́ta tí ń rà á jù. Odídẹrẹ́ mi yóò jókòó sínú rẹ̀, nítorí kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í sì í yọ kúrò. Ohun tí àwọn oníbàárà bá sọ lójú ọkọ̀ ni yóò gbé wá fún mi. Ẹnu tìrẹ kò ṣeé gbà, nítorí ìwọ lo ni ìyàwó. Bí wọ́n bá ní awọ ẹtu ni àwọn fẹ́, n ó dá a padà. Bí wọ́n bá gba tuntun, a ó bọ́ ti àtijọ́ kúrò nínú gbogbo ọkọ̀ tí a ti tà. Kí oṣù Agẹmọ tó tán kí o ti dé.”

Ọdẹ́dìran dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ó mọ̀ dájú pé kò sí ẹni tí yóò jókòó sórí awọ tuntun náà tí kò ní fẹ́ ti ìyàwó òun. Àwọn ẹmẹ̀wà ààfin bọ́ aṣọ ọdẹ lára rẹ̀, wọ́n ní ènìyàn kì í wọ àkísà gun ọkọ̀ tuntun, wọ́n sì gbé agbádá sányán wọ̀ ọ́ pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Ó wá dà bí olóyè tí ó ń lọ kí àna.

Nígbà tí ó wọ inú ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ìjókòó. Awọ náà dúdú, ó ń dán, ó tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tí oòrùn mú, ó gbóná, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn nítan. Pákó ìrókò ti lọ. Dígí dúdú kan ni wọ́n fi dí ojú ibẹ̀, kò sí bọ́tìnnì, kò sí ìdìmú. Bí o bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́, o ó fi ìka gbá dígí náà, bí ìka rẹ bá sì yẹ̀ díẹ̀, orin ni yóò kọ sí ọ létí. Gbogbo inú ọkọ̀ ń rùn bí ike omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Odídẹrẹ́ bà sẹ́yìn ìjókòó, ó yọ̀ lulẹ̀, ó tún bà, ó tún yọ̀. Èékánná ẹyẹ kò rí ibi dì mú.

Ọ̀nà ìlú àkọ́kọ́ gba Igbó Àìfọhùn kọjá. Ọkọ̀ tí ń pariwo kò lè la igbó yìí já, nítorí onídènà ibẹ̀, Elétí-léékún, kì í fẹ́ gbọ́ ohùn. Orí eékún rẹ̀ ni etí rẹ̀ méjèèjì wà, wọ́n fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì ga ju ọ̀pẹ lọ. Ó dí ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé: “Òkú kan ń gbé alààyè kiri, alààyè náà kò bẹ̀rù rẹ̀. Kí ni?”

Àlọ́ yìí rọrùn fún Ọdẹ́dìran. Ó dáhùn wúyẹ́wúyẹ́: “Awọ ìjókòó ọkọ̀ ni.”

“O gbà á. Jẹ́ kí n kí òkú náà kí o máa lọ.” Báyìí ló máa ń ṣe. Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá kọjá, a na ọwọ́ wọlé, a fi pa ìjókòó lórí, irun tẹ́ẹ́rẹ́ tó kù lára awọ ẹtu a sì dìde láti dá a lóhùn. Lọ́jọ́ náà ó fi ọwọ́ pa á títí, kò sí ohun tó dìde. Ojú rẹ̀ yípadà. “Ta ló wà nínú èyí?”

“Kò sí ẹnìkan, bàbá. Kì í ṣe awọ ẹran.”

“Kò kú rí?”

“Kò wà láàyè rí.”

“Òfìfo lo wá ń gùn la igbó mi kọjá!” Ó fa Ọdẹ́dìran yọ bí ẹni fa ìgbín yọ nínú ìkarahun, ó sì gbé e sókè kí ó là á mọ́ igi. Ọdẹ́dìran bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀: “Igi kì í wó kí ó gbàgbé ilẹ̀, omi kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun, ọwọ́ tí ó gbé mi sókè, ilẹ̀ ni kí o rántí!” Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀, ó ń fún un lọ. Egungun ìhà rẹ̀ kan dá. Ó ní òun gbọ́ ọ nígbà tí ó dá, ó ní bí igi gbígbẹ ló ṣe dún. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú lọ, ó rí i pé eékún iwin náà ti wà nítòsí ẹnu òun, ó sì kígbe sínú etí tó wà níbẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Elétí-léékún kò gbọ́ igbe rí. Ó ṣubú, ó sì dákú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní kígbe rárá. Ikọ́ mi nìkan tó o.

Ọdẹ́dìran fi apá agbádá so ìhà rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà lọ. Bí ó ti ń dùn ún tó, inú rẹ̀ dùn. Ó ń wí fún odídẹrẹ́ pé: “Bí iwin tí kò ra ọkọ̀ rí bá lè bínú báyìí, kí ni àwọn tí ó fi owó rà á yóò wí?”

Ìlú Ajókòó ni ó kọ́kọ́ dé. Àwọn ará ibẹ̀ kì í dìde, ìdí ni wọ́n fi ń wọ́ rìn, ìdí wọn sì mọ ohun gbogbo bí ahọ́n tiwa ṣe mọ ọbẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó lórí ẹní, wọn á sọ fún ọ ẹni tí ó hun ún àti bóyá inú ń bí i lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ tuntun, wọ́n wọ́ jáde ní agboolé-agboolé. Baálẹ̀ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Ọdẹ́dìran ń wo ojú rẹ̀. Ó jókòó, iwájú orí rẹ̀ sì sọ kókó. Ó yí ìdí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Òógùn bò ó. Ọdẹ́dìran sún mọ́ odídẹrẹ́, ó ní kí ó gbọ́ dáadáa.

Baálẹ̀ la ẹnu. “Ẹ kú oríire o! Ire ni ẹ ó fi gùn ún. Á tọ́jọ́ o!”

“Àṣẹ!” ni gbogbo ìlú dáhùn.

“Ẹ̀jẹ̀ kò ní kàn án!”

“Àṣẹ!”

“Tiwa náà yóò dé!”

“Àṣẹ, àṣẹ!”

Bí wọ́n ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ni ojú wọn ń fún pọ̀, bí wọ́n sì ti ń jáde ni ẹnu wọn ń ṣàdúrà. Ọdẹ́dìran dúró bí ẹni tí ó yìnbọn lu ẹtu tí ẹyẹlé sì jábọ́. Ó lọ sẹ́yìn ògiri kan láti fi ara balẹ̀ ronú, ó sì gbọ́ ohùn ní òdì kejì.

“Ìdí mi ti pọ́n.”

“Tèmi lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n já òun lẹ́nu ọmú. Nígbà tí mo fà á yọ, ó dún! Ìyàwó mi ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.”

“Àbí ìwọ náà kọ́?”

“Ẹ rọra o, kí ọlọ́kọ̀ má gbọ́. Àárò ti àtijọ́ ń sọ mí o. Bí mo bá jókòó sí i, ara mi a balẹ̀ bí ẹni dé ilé ìyá rẹ̀.”

Ọdẹ́dìran fò jáde sí wọn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ọ́ lójú ọkọ̀! Ẹ wá sọ ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an!”

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó ń ráhùn jù ló kọ́kọ́ dáhùn: “Kí la sọ, ọ̀gá? Àwa kò sọ nǹkan kan. Ọkọ̀ yín dára púpọ̀. Ẹ kú ìnáwó o.”

Lójú ọ̀nà ìlú kejì ni ó tó yé Ọdẹ́dìran pé òun ni wọ́n rò pé ó ni ọkọ̀. Ó pinnu pé bí òun bá dé ọ̀hún, òun yóò kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe tòun. Ẹ rò ó wò, ṣé ìwọ tí o jókòó síbẹ̀ yẹn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìlú Onímú ni ìlú kejì. Imú àwọn ará ibẹ̀ gùn dé àyà, òórùn ni wọ́n sì fi ń mọ ọmọ wọn yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Kí Ọdẹ́dìran tó ṣí ilẹ̀kùn ló ti kígbe pé: “Ẹ kú ilé o! Ọkọ̀ yìí kì í ṣe tèmi o! Wọ́n fi rán mi ni. Ẹ bú u bó bá ṣe wù yín!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí ó ká imú rẹ̀ sórí èjìká ní: “Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wí. Nígbà tí àbúrò mi kọ́lé, ó ní ilé ọ̀gá òun ni òun ń bá a ṣọ́. Ọdún kẹta la tó mọ ọ̀gá náà, àbúrò mi ni.”

“Mo fi orúkọ ìyá mi búra, kì í ṣe tèmi!”

“Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀rù ayé ló ń bà á,” ni àgbàlagbà kan wí. “Ọgbọ́n ni. Ọmọ mi, ayé kò ní rí ọ fín. Ojú burúkú kò ní wọ ọkọ̀ rẹ.” Ó fi imú wọ inú ọkọ̀, ó sì sín. “Á tọ́... háìṣì! Á tọ́jọ́... háìṣì! Ire ni wàá... háìṣì!” Gbogbo ìlú tò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń sín, wọ́n ń ṣàdúrà, omi ń bọ́ lójú wọn. Odídẹrẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí Ọdẹ́dìran ti ń sẹ́ ọkọ̀ náà tó, bẹ́ẹ̀ ni àdúrà ń pọ̀ sí i.

Ìlú tí ó kù ni Afọwọ́ríran. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní ojú rárá. Ibi tí ojú máa ń wà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀yìn ọwọ́, orí ìka ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n fọwọ́ tọ gbogbo ara ọkọ̀ náà, wọ́n sì ṣàdúrà bí tàwọn ìyókù. Ọdẹ́dìran jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó di ìhà rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọwọ́lójú ti bá a, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sọ́dọ̀, ó ń kà wọ́n.

“Ọmọ mi, ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ ọlọ́kọ̀. Ọwọ́ ẹni tí ń bó ẹran ni. Kí ló dé tí o fi ń gbé nǹkan tuntun kiri tí inú rẹ kò dùn?”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

“O gbé agbádá wọ̀, o gbé ọkọ̀ tuntun wá sẹ́nu ọ̀nà ènìyàn, o ní kí wọ́n bú u. Ta ló tọ́ ọ? Bí mo bá gbé ọmọ tuntun wá fi hàn ọ́, ṣé o ó sọ fún mi pé imú rẹ̀ tẹ́?”

“Rárá, Ìyá. N ó ní ó jọ bàbá rẹ̀.”

“Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Mo ní ti àtijọ́ nílé. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó sínú rẹ̀ bí n kò tilẹ̀ lọ síbì kankan. Mo máa ń fọwọ́ tọ ojú abẹ́rẹ́. Obìnrin ló rán an. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ebi ń pa á, nítorí okùn ibẹ̀ ń gbọ̀n. Ní apá òsì, ó ń retí ẹnìkan. Ó ń rán an, ó ń gbójú sókè, nítorí náà ìlà ibẹ̀ wọ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí, ẹni náà dé.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Okùn náà rọ̀.”

Níbí ni mo máa ń dákẹ́.

Ọdẹ́dìran bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá sọ ọ́ fún odídẹrẹ́. Ìyá náà kò jiyàn. Ó dìde, ó fi ọ̀pá tọ ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì gbé ohùn sókè. “Ẹyẹ, gbọ́ mi. Èmi Ọwọ́lójú, oníbàárà, mo ní awọ tuntun yìí kò...”

“Háà!” Gbogbo ọjà ṣù bò ó. “Ìyá, kí lẹ fẹ́ sọ sórí nǹkan oníǹkan? Ọlọ́run má jẹ́!”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Mo ní kò...”

“Kò ní bàjẹ́!” ni wọ́n kígbe bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ lu ara ọkọ̀. “Kò ní dànù! Á tọ́jọ́! Á tọ́jọ́!” Ẹnu àgbà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bí ó bá sọ ibi sórí nǹkan tuntun, ó lè ṣẹ, iṣẹ́ ọmọlúàbí ni kí a yára fi àdúrà bò ó kó tó balẹ̀. Wọ́n ń ṣe rere. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí kò ṣe rere. Ohùn ìyá arúgbó náà rì sínú ariwo, àwọn ọmọ rẹ̀ sì rọra gbé e lọ sílé, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Ọdẹ́dìran ń pariwo pé, “Ẹ dá a padà! Òótọ́ ló ń sọ!” Ńṣe ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ yí i ká. “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àgbà ni. Ẹ fi orí jì í.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, wọn kò ṣí i. Wọ́n rò pé ó wá gbẹ̀san ni. Oṣù sì ti tán.

Ọba Ayípadà pe gbogbo ìlú jọ. Odídẹrẹ́ bà sórí ọ̀pá àṣẹ, ó sì ké gbogbo rẹ̀ jáde, ohùn oníkálukú bí ó ṣe rí: ẹ kú oríire, ire ni ẹ ó fi gùn ún, ẹ̀jẹ̀ kò ní kàn án, tiwa náà yóò dé. Ó sín nígbà tí ó yẹ kó sín. Ó ké ti Ìyá Ọwọ́lójú náà: “Awọ tuntun yìí kò... kò ní bàjẹ́! Á tọ́jọ́! Á tọ́jọ́!”

Ọdẹ́dìran dojú bolẹ̀. “Kábíyèsí, àdúrà nìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Ní ilẹ̀ tiwa, bí a bá rí nǹkan tuntun lọ́wọ́ ènìyàn, a kì í sọ ohun tí a rí, ire là ń sọ sí i. Wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí ojú wọn.”

“Wọ́n ní kí ó tọ́jọ́,” ni ọba wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí.”

“Ohun tí wọn kò fẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó pẹ́?”

Ọdẹ́dìran wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ níbí, ẹ bá a wá èsì náà. Èmi ti wá a láti ìgbà yẹn.

“Ìyàwó rẹ ṣe mí láàánú,” ni ọba wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. “Ṣùgbọ́n o ní kí n bi wọ́n. Mo bi wọ́n, wọ́n sì dáhùn.”

Àwọn iwin tú ká sí gbogbo ìlú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa awọ yọ. Ọdẹ́dìran sáré lọ bá Ìbídùnní. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ń ràn sí i lára, kò sì ní òjìji mọ́.

“O pẹ́,” ni ó wí. “Kí ló ṣe ìhà rẹ?”

“Ó dá. Ìbídùn, n kò rí i ṣe.”

“Mo gbọ́ odídẹrẹ́ láti ibí. Ọkọ mi, àdúrà tó pọ̀ tó báyìí, a kò rí ìdajì rẹ̀ gbà níjọ́ ìgbéyàwó wa.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohùn mọ́. Ọdẹ́dìran di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ le ní ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń gún un, ibẹ̀ ni ó dì mú ṣinṣin jù. Ó ń ké pè é, ó ń ki í ní oríkì ilé bàbá rẹ̀ láti orí dé òpin, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ní ìlú Afọwọ́ríran, wọ́n fa awọ kan ṣoṣo tó kù ya kúrò lábẹ́ ìyá arúgbó kan. Ọwọ́ Ọdẹ́dìran pàdé ara wọn.

Ọjọ́ kẹta oṣù Ògún ni. Ọdẹ́dìran pàdánù Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀, kò sì rí òkú rẹ̀ sin.